Ohun Tó Ń Lé Mọ́tò Jìnnà sí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ ní Àfonífojì Loire

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílùú Chinon, ní àgbègbè odò Loire nílẹ̀ Faransé, tó sọdá odò Vienne, tó wá dorí kọ gúúsù, yóò rin bíi ogún kìlómítà kó tó dé Richelieu, mọ́tò kankan kò sì ní máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà náà. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni. Òkè tó lè mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará àgbègbè náà kò ní mọ́tò. Ojú irin rélùwéè ni ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí rélùwéè kò rìn ín mọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọba ra ilẹ̀ tuntun láti fi la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gùn nínú ìgbèríko, torí owó rẹ̀ kò ní ṣeé san, ẹjọ́ ilẹ̀ kò sì ní tán. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń wá ilẹ̀ tóóró tó gùn, tó tẹ́jú, tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba látìgbà pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ ní agbègbè Loire: ojú irin àtijọ́, ọ̀nà etí omi tí ẹṣin fi ń fa ọkọ̀ ojú omi, àti odi yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ láti dènà omíyalé.

Ti ojú irin ló yá jù láti ṣàlàyé. Láàárín ọdún 1878 sí 1879, Charles de Freycinet, tó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ òde, gbé ètò kan kalẹ̀ tó gbé rélùwéè wọ ìgbèríko ilẹ̀ Faransé níbi púpọ̀. Nígbà tí mọ́tò àti bọ́ọ̀sì dé, èrò dín kù lórí àwọn ọ̀nà kéékèèké wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n kó rélùwéè gbogbo orílẹ̀-èdè náà jọ sábẹ́ SNCF, iléeṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1938, wọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú wọn pa. Àǹfààní tó ṣẹ́ kù fún oníkẹ̀kẹ́ kò kéré. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, irin ló ń tẹ̀, tí òkè bá ga, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó la ọ̀nà náà fi gé òkè, tí wọ́n di kòtò, tí wọ́n sì kọ́ afárá sórí gbogbo ìṣàn omi. Orí làálàá yẹn ni ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lónìí ń gbà kọjá láìlàágùn. Lọ́dún 1997 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, láti Givry sí Cluny ní Burgundy, lórí ojú irin àtijọ́ bákan náà.

Ọ̀nà etí omi ló ní ìtàn tó jinlẹ̀ jù. Kí ẹ̀ńjìnnì tó dé, ẹṣin, ìbaaka àti èèyàn pàápàá ló ń fi okùn fa ọkọ̀ tó kún fún ẹrù. Ẹranko tó ń fa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi rìn, ó sì gbọ́dọ̀ rìn ín láìdúró, torí bí okùn bá há sára igi kan ṣoṣo, iṣẹ́ ti dúró. Lọ́dún 1669, nígbà Ọba Louis Kẹrìnlá, òfin kan tí Colbert, mínísítà ọba náà, ṣe agbátẹrù rẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí odò tí ọkọ̀ ń gbà fi ìbú ẹsẹ̀ bàtà 24 sílẹ̀ fún àwọn ẹṣin náà. Kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣọgbà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 24 ayé ọjọ́un jẹ́ mítà 7.80, mítà 7.80 yìí gan-an ló ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Faransé dòní olónìí. Ẹṣin ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àyè tí òfin gbà fún un kò tíì parẹ́.

Canal de Berry fi èyí hàn dáadáa. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn omi rẹ̀ tóóró láti dín owó kù, bíi mítà 2.70 péré ni ìbú rẹ̀, ọkọ̀ tó sì ń gba ibẹ̀ kì í fẹ̀, ìbaaka tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń fà á. Nígbà tí ọkọ̀ ńláńlá gbòde, kò sí èyí tó lè wọ ibẹ̀. Wọ́n pa á tì lọ́dún 1955. Ní báyìí, ọ̀nà etí omi rẹ̀ ń gbé oníkẹ̀kẹ́ kọjá ní Mehun-sur-Yèvre, níbi tí àwókù ààfin tí Ọba Charles Keje kú sí lọ́dún 1461 wà, ó sì ń gbé e dé ìhà Selles-sur-Cher, tí ààfin tirẹ̀ dúró létí odò Cher.

Ààfin wọ̀nyí kò ṣèèṣì wà lójú ọ̀nà. Òkúta funfun ẹlẹgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní tuffeau ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó rọrùn láti gbẹ́, ó sì wúwo láti rù, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o. Bourré, létí Cher, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà. Ààfin Chenonceau, tí gbọ̀ngàn gígùn rẹ̀ na ara sórí odò Cher láti etí kan dé èkejì, kò jìnnà síbẹ̀. Ojú omi tó kó òkúta ilé ọba náà ló fa ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ ń tọ̀. Ẹni tó bá gba etí gúúsù odò náà yóò rí Chenonceau gbangba láìsan kọ́bọ̀, mo sì rò pé ojú tó dára jù láti fi wò ó nìyẹn.

Odi yẹ̀pẹ̀ Loire dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Láti ayé Henri Kejì Plantagenet, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àgbègbè Anjou létí Loire wà níkàáwọ́ rẹ̀, ní ọ̀rúndún kejìlá, ni wọ́n ti ń mọ ọ́n, àwọn ọba tó tẹ̀ lé e sì ń gbé e sókè sí i. Síbẹ̀ omi borí rẹ̀ lọ́dún 1846, 1856 àti 1866. Orí odi náà ga, ó gbẹ, èèyàn a sì máa rí odò àti àwọn erékùṣù iyanrìn inú rẹ̀ láti ibẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Láàárín Saumur àti Angers, títì ọlọ́dà tí ọkọ̀ ń sá lórí rẹ̀ ló wà lórí odi àríwá, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fi gba ìhà gúúsù níbẹ̀.

Ilẹ̀ nìkan kò tó. Lọ́dún 2004, ìjọba fi orúkọ voie verte sínú òfin ìrìnnà, ó ní ọ̀nà tí ohun tí kò ní ẹ̀ńjìnnì nìkan lè gbà ni: ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, àti ẹlẹ́ṣin níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù ló ń fi í hàn. Kẹ̀kẹ́ tó ní mọ́tò iná tó kàn ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń dákẹ́ tó bá ti dé 25 kìlómítà láàárín wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ lásán ni lójú òfin. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lè gba àṣẹ láti gbé tirakítọ̀ kọjá. Níbi tí odò tàbí canal bá ṣì wà lábẹ́ Voies navigables de France, àjọ tó ń bójú tó ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, ìjọba ìbílẹ̀ á kọ́kọ́ bá àjọ náà wọ àdéhùn. Ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àjọ náà, ìtọ́jú ojú ọ̀nà àti wàhálà tó bá tibẹ̀ yọ ló ń bọ́ sọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀.

Ojú ọ̀nà náà wá ńkọ́? Òkúta tó tóbi díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sísàlẹ̀ kí omi lè ríbi sẹ̀ sí. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń da èyí tó kéré, pẹ̀lú ẹ̀tù òkúta tí wọn kò jọ̀ kúrò. Ẹ̀tù yìí ni oògùn rẹ̀: wọ́n á wọ́n omi sí i, rólà á gùn ún lọ gùn ún bọ̀, yóò sì di òkúta mú bí ó bá ti gbẹ. Bí wọ́n bá fi òkúta fífọ̀ mímọ́ ṣe é, táyà á máa rì sínú rẹ̀. Àárín ọ̀nà gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹ̀yìn ìjàpá, torí omi tó bá dúró lójú kan ni yóò gbẹ́ ihò síbẹ̀. Gbòǹgbò igi etí omi náà kì í jẹ́ kó sinmi: ó ń ti ilẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi la.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọba ẹkùn kan fi ń da ọ̀dà sí i. Wọn kò jẹ̀bi, torí kẹ̀kẹ́ arọ àti ti ọmọdé rọrùn láti rìn lórí ọ̀dà, kì í sì í tètè nílò àtúnṣe. Ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ ló bá ibẹ̀ mu jù. Kì í gbóná lẹ́ẹ̀rùn bí ọ̀dà, kì í jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ sáré àsápajúdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, kì í sì í ba ojú ilẹ̀ jẹ́ ní àfonífojì tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2000. Táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 35 sí 45, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò le jù, ti tó fún un. Àfi kéèyàn máa nu ṣéènì lálaalẹ́, torí ẹ̀tù funfun yẹn máa ń mu epo rẹ̀ gbẹ.

Láti so gbogbo èyí pọ̀ di ìrìn àjò, ètò Loire à Vélo fa ọ̀nà bíi 900 kìlómítà láti Cuffy, nítòsí Nevers, dé Saint-Brevin-les-Pins létí òkun Àtìláńtíìkì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mọ́tò kò dé. Níbi tí ogún àtijọ́ bá ti já, títì abúlé tí ọkọ̀ kò pọ̀ ló ń dí àlàfo náà, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé àti funfun tó ń júwe ọ̀nà. Ilé ìtura tó bá wà láàárín kìlómítà márùn-ún sí ọ̀nà náà lè gba àmì Accueil Vélo, bó bá ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè sùn lábẹ́ àgádágodo àti irinṣẹ́ láti fi tún un ṣe. Ẹni tó bá rẹ̀ lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ rélùwéè: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tí wọ́n ya àyè kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rìn láàárín Orléans àti Le Croisic.