Ta Ló Ní Kí Ẹ Fi Sáńpépà Ha Á?

Ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì l'Ọ́jà Ọba, Akúrẹ́, gbé sìlíńdà jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn: "Ọ̀gá, ọmọ mi ti bá yín fọ̀ ọ́ sílẹ̀." Mo wo inú rẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Ọmọ ọ̀hún ti fi sáńpépà ha gbogbo ilà ibẹ̀ dànù!

Ilà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o. Àwa mẹkáníìkì la kọ ọ́. Ta ló ń fi sáńpépà ha àbàjà ojú bàbá rẹ̀? Inú ilà wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì ń sá pamọ́ sí, kí rìngì ara písítìnnì tó ń lọ sókè sódò níbẹ̀ lè rí nǹkan fi ra ara. Irin tó bá dán jù kì í di ọ́ìlì mú.

Ti bẹ́árììn tó gbé krank, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí krank bá ti ń sáré, kì í fara kan bẹ́árììn mọ́, orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí, ọ́ìlì ọ̀hún sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ní 1883, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Beauchamp Tower, ń dán bẹ́árììn ọkọ̀ ojú irin wò. Ó lu ihò sí i lórí, ọ́ìlì bá ń tú jáde. Ó fi igi dí i, ọ́ìlì ti igi náà jáde. Ní 1886 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Osborne Reynolds, wá ṣírò rẹ̀: irin tó ń yí ló ń wọ́ ọ́ìlì lọ síbi tó há, ibẹ̀ ló ti ń rí agbára tó fi ń gbé irin.

Reynolds ò ka agídí tí ìwúwo ọ́ìlì ń fà sí, torí ọ́ìlì náà fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lóde òní, wọ́n ń fi iná lésà dá kòtò wínníwínní sára bẹ́árììn. Tí irin bá ń sáré gan-an, ọ́ìlì inú kòtò a máa ṣe agídí: èyí tó ti ń lọ kì í fẹ́ yà, èyí tó dúró kì í fẹ́ gbéra. Kòtò tó bá mọ níwọ̀n á jẹ́ kí irin máa yọ̀. Èyí tó bá jìn jù, ọ́ìlì á kàn máa pòòyì síbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ìṣó lu kòtò ọ́ìlì sí bẹ́árììn yín, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń da ọ́ìlì jíà sínú ẹ́ńjìnnì náà, kí ariwo lè rọlẹ̀ títí ẹ ó fi sanwó.

Awakọ̀ kan tiẹ̀ ní ará ilé òun ló ń ta òun lọ́fà. Láti Akúrẹ́ níbí ni iná pupa tó ń kìlọ̀ nípa ọ́ìlì ti tàn lójú rẹ̀. Ó ra pílásítà, ó fi bò ó. Wọ́n kọjá Ondó, wọn ò tíì dé ìlú Ore, ọ̀pá písítìnnì yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mi, bẹ́árììn ti yọ́ mọ́ krank lára. Mo ní ṣé kò rí iná ni. Ó ní òun rí i, ó ń dí òun lójú lóru ni.

Ọmọ iṣẹ́ mi na ọwọ́ pé kí òun ṣí pílásítà náà. Ọkùnrin yìí pariwo: "Ẹ rọra o, kí ẹ má bà mí ní dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́!"