Kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n nù ún tán: ibo gan-an ló ti bàjẹ́?

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ìdọ̀tí nìkan ni wàhálà ẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ tútù nù ún, ìgbà tí wọ́n máa tan láptọ́ọ̀pù padà, lẹ́tà E ò jáde mọ́, spacebar ń tẹ ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní ó ti jó nìyẹn, ó di kí wọ́n ra tuntun. Ẹ ṣe sùúrù ná.

Abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kékeré kan wà, abẹ́ rọ́bà yẹn ni náílọ́ọ̀nù mẹ́ta tó lé ara wọn wà. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà tó ní fàdákà nínú fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí, ti àárín ló ní ihò. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, náílọ́ọ̀nù òkè á gba inú ihò fara kan ti ìsàlẹ̀, iná á kọjá, lẹ́tà á jáde. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ò ní wáyà tiẹ̀ o, àwọn ìlà kan lọ ní ìbú, àwọn kan lọ ní òró, ibi tí méjì ti pàdé ni bọ́tìnnì wà, ìdí nìyẹn tí ìlà ẹyọ kan tó bá já fi lè pa bọ́tìnnì márùn-ún mẹ́fà pọ̀, tí wọn ò sì ní sún mọ́ ara wọn rárá.

Torí náà, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí tàbí rọ́bà tó yẹ̀, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Tó bá jẹ́ ọ̀wọ́ kan ló kú pọ̀, ìlà ti já, kò sí ìnùnù tó máa jí i. Tó bá ń tẹ ara ẹ̀, omi ṣì wà láàárín náílọ́ọ̀nù.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ò bàjẹ́ rárá. Tí wọ́n bá nù ún nígbà tó ṣì wà ní títàn, aṣọ lè tẹ Num Lock, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń sọ àwọn lẹ́tà kan di nọ́ńbà, lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kékeré U á di 4, I á di 5, J á di 1, ẹ̀rù á ba olówó ẹ̀. Lórí Windows, tí ọwọ́ bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 8 lórí Shift apá ọ̀tún, Filter Keys, ìyẹn ètò tí kì í ka títẹ̀ tó bá yára, lè wọlé, gbogbo bọ́tìnnì á wá dà bí èyí tó ti kú. Kí wọ́n lọ pa á ní Settings, ó tán.

Omi fúnra ẹ̀ kọ́ ló burú jù, iyọ̀ àti ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀ ni, ó ń jẹ ìlà fàdákà yẹn, tí iná bá sì ń kọjá lára ẹ̀ ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pa láptọ́ọ̀pù, yọ ṣájà, yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, dojú ẹ̀ dé kó gbẹ dáadáa. Isopropyl alcohol tí wọ́n kọ 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ló dáa fún ìnùnù, ó tètè ń gbẹ. Ìrẹsì tí wọ́n máa ń kì í sí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sè é jẹ.

Tó bá wá di pé ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ni kí wọ́n fi ra tuntun, kì í ṣe orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó bọ̀ láti London máa ń ní £ lórí 3 àti Enter gíga, ti Amẹ́ríkà ní # àti Enter pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n bá rà ní Computer Village n'Íkẹjà lè máà wọ ojú ihò tó bá jẹ́ pé irú kejì ni. Àwọn láptọ́ọ̀pù ThinkPad àtijọ́, síkúrù díẹ̀ lábẹ́, ó ti jáde. Ọ̀pọ̀ tuntun, ike ni wọ́n yọ́ tí wọ́n fi lẹ kíbọ́ọ̀dù mọ́ ara bọ́dì, àfi kéèyàn tú gbogbo inú ẹ̀ kó tó débẹ̀, owó iṣẹ́ á sì pọ̀ ju owó ọjà lọ nígbà míì.

Tí wọ́n bá fi tuntun sí tí bọ́tìnnì kankan ò jáde, kí wọ́n tó lọ bá ẹni tó tà á jà, kí wọ́n wo ribbon, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ board inú láptọ́ọ̀pù: ó lè wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ọmọ ìdérí kékeré tó di í mú má tíì wálẹ̀.