Ìbò Tí Wọ́n Takò: Bí Àwọn Onílẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yanjú Rẹ̀

Ká ní obìnrin kan dé ibùdó ìdìbò ẹ̀yà rẹ̀, ó na káàdì ọmọ ẹ̀yà sí òṣìṣẹ́, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀ nínú ìwé orúkọ olùdìbò, wọn ò rí i. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ, tó wá hàn lọ́jọ́ kejì pé akọ̀wé ló fo orúkọ rẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó ju ìwé ìbò sínú àpótí, tó wá hàn pé kò lẹ́tọ̀ọ́, ó ti bọ́. Kò sí orúkọ lára ìwé ìbò. Èwo ni wọn yóò yọ? Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tó fi mọ́ Cherokee Nation ní Oklahoma, wọ́n á jẹ́ kó dìbò, àmọ́ ìbò náà kò ní tíì wọ àpótí. Òun ni ìbò tí wọ́n takò.

Àwọn ẹ̀yà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lé ní 570, kálukú ló sì ń ṣe òfin ìdìbò tirẹ̀. Gbèdéke ọjọ́ àti orúkọ ìgbìmọ̀ lè yàtọ̀. Ọgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó sábà ń fa àtakò ni pé jíjẹ́ ọmọ ẹ̀yà lórí ìwé yàtọ̀ sí fíforúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Ẹlòmíràn ti kó lọ sí agbègbè mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ti gba ìwé ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, ó tún wá fúnra rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti gba aṣojú olùdíje láyè láti takò, ó yẹ kó sọ ìdí. “Mi ò mọ̀ ọ́n rí” kì í ṣe ìdí.

Ẹ́nfílóòpù méjì ni iṣẹ́ náà dá lé. Ti inú kò ní àmì kankan. Ìwé ìbò nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Olùdìbò á lẹ̀ ẹ́ pa, á kì í bọ ti òde. Ara ti òde ni orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ọmọ ẹ̀yà àti ìdí àtakò máa wà, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé olùdìbò. Ìbuwọ́lùwé yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé nígbà tí èrò bá tò jánà, ìbò tó yẹ kó wúlò á wá ṣòfò. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n fún un ní ìwé ìbò agbègbè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lálẹ́, wọ́n á ka àwọn ẹ́nfílóòpù láìṣí wọn. Bí ìwé àkọsílẹ̀ bá ní 14, tí wọ́n bá 13 nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé.

Ìgbìmọ̀ ìdìbò á wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ọmọ ẹ̀yà ni? Ṣé ó pé ọjọ́ orí? Ṣé ó forúkọ sílẹ̀ kí gbèdéke tó pé? Ṣé kò tíì dìbò níbòmíràn? Ara ẹ́nfílóòpù òde nìkan ni wọ́n ń wò. Èyí tí wọ́n kọ̀, wọn kì í ṣí i rárá. Wọ́n á kọ ìdí sí i, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ de ẹjọ́. Èyí tí wọ́n gbà, wọ́n á yọ ti inú, wọ́n á kó ti òde kúrò lórí tábìlì, wọ́n á da àwọn ti inú pọ̀ mọ́ra kí wọ́n tó ṣí wọn. Wàhálà wà níbí: bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni wọ́n gbà ní agbègbè kan, àṣírí olùdìbò ti tú. Ó sàn kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ìbò tó wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó kà á.

Òfin ìdìbò Nàìjíríà ní ohun tó fara jọ ọ́: bí ẹlòmíràn bá ti fi orúkọ èèyàn dìbò kí onítọ̀hún tó dé, ìwé ìbò aláwọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fún un, kò sì ní wọ àpótí.

Ìbò díẹ̀ lè dá gbogbo nǹkan rú. Nínú ìdìbò olórí àgbà Cherokee ní 2011, Chad Smith àti Bill John Baker ń gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń tún ìbò kà, títí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ẹ̀yà náà fi ní kí wọ́n tún un dì. Bí ẹ́nfílóòpù tí wọn ò tíì yanjú bá pọ̀ ju àlàfo tó wà láàárín olùdíje méjì, kò yẹ kí ìgbìmọ̀ kéde ẹni tó wọlé. Ẹni tí inú bá sì ń bí, ilé ẹjọ́ ẹ̀yà rẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Santa Clara Pueblo v. Martinez ní 1978, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kì í sábà dá sí irú ọ̀rọ̀ abẹ́lé bẹ́ẹ̀.