Mọ́tò Tí Mo Sanwó Fún Kọ́ Lẹ Gbé Wá Yìí

Oṣù méje ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi dúró de mọ́tò wọn. Tuntun ni, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n kó lé e, wọ́n sì ti san ju ìdajì lọ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kúrò lókè òkun. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ wà á láti Èkó dé Òkè-Fíà níbí, ní Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíà. Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì kámẹ́rà tó ń fi gbogbo àyíká mọ́tò hàn wà nínú fọ́tò tí wọ́n ti tọ́jú sórí fóònù látọjọ́ tí wọ́n ti sanwó. Ike dúdú pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, kò ní àwòrán, kò ní iná. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Awakọ̀ ní, "Mọ́mì, bó ṣe ń wá báyìí nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù. Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará àdúgbò náà sì ti ń bi mí léèrè. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, àti ohun tí mo rí.

Ṣé ilé iṣẹ́ lè yọ nǹkan kúrò lára mọ́tò lẹ́yìn tí mo ti sanwó?

Wọ́n ń ṣe é dáadáa. Ẹ wo ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé ìpolówó mọ́tò, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kan sábà máa ń wà nísàlẹ̀ tó ń sọ pé olùṣe lè yí ohun tó wà lára mọ́tò padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò kì í dúró sójú kan. Ọdún yípo, wọ́n tún un ṣe. Nígbà mìíràn ọdún ò tíì yípo tí ẹni tó ń bá wọn ṣe ẹ̀yà kan fi kọ̀wé pé òun ò ṣe é mọ́, wọ́n á sì fi òmíràn dípò tàbí kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́tò tí ẹ rí fọ́tò rẹ̀ lóṣù kìíní àti èyí tí wọ́n tò fún yín lóṣù kẹfà lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n má sì jọra tán.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àyípadà. Ìdákẹ́ ni mo ń bá jà. Oṣù méje tó kí ẹnì kan tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, kó ní, "Mà, kámẹ́rà yẹn ò ní sí níbẹ̀ mọ́ o, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"

Kí ló ń fa irú èyí gan-an?

Èyí tó tóbi jù lójú ayé wa yìí ni ọ̀wọ́n chip, ẹ̀rọ tíntìntín tó dà bí èékánná, tó máa ń ronú fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mọ́tò òde òní kún fún un: òun ló ń darí bíréèkì, gíláàsì, rédíò, títí dé kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò rò pé ọjà ti kú nìyẹn, wọ́n fagi lé chip tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe fún wọn. Àṣé ọjà ò kú. Gbogbo èèyàn jókòó sílé, wọ́n ń ra kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ra ẹ̀rọ géèmù, àwọn tó ń ṣe chip sì gbé àyè náà fún àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ìgbà tí àwọn onímọ́tò fi padà wá, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n bá ara wọn.

Ohun tó tún dá kún un ni pé ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle mú ní Texas, ní Amẹ́ríkà, iná mànàmáná lọ, àwọn ilé iṣẹ́ chip tó wà níbẹ̀ sì kógbá sílé fúngbà díẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ Renesas tó wà ní Naka, ní Japan, jóná, bẹ́ẹ̀ àwọn Renesas yìí wà lára àwọn tó ń ṣe chip fún mọ́tò jù lọ. Ilé iṣẹ́ mọ́tò wá wà láàárín méjì: kí wọ́n dá mọ́tò dúró sínú ọgbà títí chip yóò fi dé, tàbí kí wọ́n yọ ohun tó ń lo chip náà kúrò kí wọ́n sì máa tà á lọ. Púpọ̀ nínú wọn yàn láti máa tà á lọ.

Kí ni wọ́n yọ? Ṣé wọ́n sì sọ fún oníbàárà?

Ọwọ́ ò dọ́gba. BMW yọ agbára ìfọwọ́tẹ̀ kúrò lójú amóhùnmáwòrán inú àwọn mọ́tò wọn kan lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n wọ́n dín 500 dọ́là kù fún àwọn tó ra irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. General Motors yọ ẹ̀rọ tó ń mú ìjókòó gbóná lára àwọn mọ́tò kan lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á fi í sí i padà bí chip bá dé. Toyota kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé ẹyọ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ń lo chip làwọn á máa fún àwọn tó ra mọ́tò ní Japan, èkejì á jẹ́ kọ́kọ́rọ́ onírin lásán fúngbà díẹ̀. Kò dùn mọ́ni, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ síta.

Ti Tesla ló bí àwọn èèyàn nínú jù. Lọ́dún 2021 ni wọ́n yọ ohun tó ń gbé ẹ̀yìn ró nínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lára Model 3 àti Model Y. Ìparí ọdún yẹn, àwọn kan gba mọ́tò wọn tí ihò USB, ibi tí wọ́n ń ki wáyà fóònù bọ̀, kò sí níbi tó yẹ kó wà, ojú ibi tí wọ́n ti wá gbé mọ́tò ni wọ́n sì ti rí i. Irú ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ihò USB kéré, kò mọ ohun tó ń dunni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n wọn ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá fún òun, tó délé tó bá mẹ́sàn-án àtààbọ̀.

Tòkúnbọ̀ lèmi ń rà ní tèmi. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín ju ẹni tó ń ra tuntun lọ. Mọ́tò kan náà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe fún Dubai àti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í gbé ẹrù kan náà. Èèyàn á wo fídíò mọ́tò Amẹ́ríkà, á wá san owó èyí tó ti Dubai bọ̀. Ó sì tún ní ipele, ìyẹn bí ohun tí wọ́n tò sára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: Corolla LE kì í ṣe XLE, bí ọdún wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. "Fúlù ọ́púṣọ̀n" tí agẹ́ǹtì ń pariwo kì í ṣe ipele kankan. Ẹnu lásán ni.

Ẹ gba nọ́ńbà ṣásíì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, ó máa ń wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀, àti lára òpó ilẹ̀kùn. Fún mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: L jẹ́ 2020, M jẹ́ 2021, N jẹ́ 2022, P jẹ́ 2023, R jẹ́ 2024. Bí ẹ bá rí lẹ́tà I, O tàbí Q níbikíbi nínú nọ́ńbà náà, ẹ fura, nítorí wọn kì í lò wọ́n. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn tún máa ń sọ oṣù tí wọ́n ṣe mọ́tò gan-an, ó sì lè jẹ́ pé 2020 ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní 2021. Fi nọ́ńbà yẹn wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá rí ipele tó jẹ́ nígbà tó jáde.

Kí ni òfin wa sọ?

Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n fi aró sọ ọ́. Bí mo bá mú ègé àdìrẹ kan lọ bá aláró, tí mo ní, "Ìyá, irú èyí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́, ogún yáàdì," tí wọ́n wá gbé àwọ̀ mìíràn fún mi nígbà tí ìnáwó ku ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa ní kí n gbà á. Ohun tí òfin ọjà títà tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, sọ nìyẹn ní abala 13 àti 15: ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe mu, èyí tí a fi àpẹẹrẹ tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ mu.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Ó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ọjà tó ti ní kí wọ́n bá òun mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò lè yọ owó tó mọ níwọ̀n. Ó tún ní ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu bí kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ mu, kó sì gba owó rẹ̀ padà. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó kò pa ẹ̀tọ́ wọ̀nyí rẹ́. Bí oníṣòwò bá kọ etí ikún, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ náà tàbí kí ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ.

Mọ́tò ti dé, nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ náà?

Ẹ má buwọ́ lùwé. Awakọ̀ á máa kánjú, á ní òun fẹ́ padà sÉkòó kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ ya fídíò gbogbo inú mọ́tò pẹ̀lú àtẹ ohun tí ẹ sanwó fún lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ohun tí kò sí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Fóònù nìkan ò tó, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ẹ̀rí.

Èyí tó ń ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé inú bí wọn, síbẹ̀ wọ́n gba nọ́ńbà sí mọ́tò, wọ́n wà á lọ sí ìgbéyàwó ní Ìkìrun, oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó pariwo. Lójú òfin ọjà títà, ẹni tó bá ti ń lo ọjà bí ẹni tó ni ín, tàbí tó gbé e sọ́dọ̀ pẹ́ láìsọ̀rọ̀, ti gbà á nìyẹn. Owó gbà-máà-bínú nìkan ló kù tó lè béèrè, kò lè dá mọ́tò padà mọ́.

Kí ló yẹ kó wà nínú risíìtì?

Kì í ṣe "mọ́tò kan, 2024, fúlù ọ́púṣọ̀n". Ẹ kọ ipele rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún, nọ́ńbà ṣásíì bó bá ti wà, àti ohun márùn-ún tí ẹ kò lè ṣàì ní. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbólóhùn kan kún un: bí ohunkóhun bá yí padà, kí wọ́n sọ fún yín kí ẹ tó san owó tó kù. Mo ti rí oníṣòwò tó kọ̀ láti kọ ọ́. Mo bá ẹni tí mo sìn lọ sọ̀rọ̀, a kúrò níbẹ̀.

Ṣé kí n kàn ní kí ríwáyà bá mi fi ohun tó kù sí i?

Kámẹ́rà ẹ̀yìn lásán, ríwáyà tó mọṣẹ́ á fi í sí i. Èyí tó so mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́tò fúnra rẹ̀ ṣòro, bí wọ́n bá sì gé wáyà mọ́tò tuntun, ẹni tó tà á lè sọ pé gárantí ti bàjẹ́. Ẹ gba owó ohun tó dín kù lọ́wọ́ wọn ná, lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe é nìyẹn. Wọn ò buwọ́ lùwé, wọn ò gba nọ́ńbà sí i, wọ́n fi tapólì bò ó sínú ọgbà fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ ogún ni ẹni tó tà á fúnra rẹ̀ wá sí Òkè-Fíà pẹ̀lú owó kámẹ́rà àti ìwé tó fi tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi ka owó náà, wọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tó béèrè ibi tí òun á ti buwọ́ lù ú.