Bí fọ́tò ilé àti ohùn àgbà ṣe ń dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsọnù

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, láti Pàkátà títí dé Òkè-Lele, àti ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Òró àti Ìgbàjà, ibi mẹ́ta ni ìtàn ẹbí ń gbé: álíbọ́ọ̀mù tí ìyá àgbà tì sábẹ́ ibùsùn, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba ohùn níbi ìnáwó, àti fóònù àwọn ọmọ tó ti fọ́n ká sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ilé tiwọn. 1945 ni wọ́n ṣí musíọ́ọ̀mù ibẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fọ́tò bàbá ẹni kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá tọ́jú u, kò sí ìjọba tó máa bá wọn tọ́jú u.

Ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó ń jẹ́ kí ohun kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò bá ba álíbọ́ọ̀mù jẹ́ ní Ọ̀fà, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò ní Kàdúná. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ pé obìnrin tó jókòó láàárín, tó wọ aṣọ òfì, ni ìyá tó bí ìyá wa. Ènìyàn ló mọ ìyẹn, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti ohùn ló yẹ kó gba àkókò wa jù nínú iṣẹ́ yìí. Yíya fọ́tò sórí fóònù ló rọrùn jù níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé fọ́tò dúdú-àti-funfun ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà là nítorí pé ó ti pẹ́. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Fàdákà ló di àwòrán nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, bí oníṣẹ́ bá sì fọ̀ ọ́ dáadáa nígbà náà lọ́hùn-ún, ó lè pẹ́ ju ẹni tó yà á lọ. Aró ló wà nínú fọ́tò aláwọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n fọ̀ láàárín 1970 sí 1990, aró yẹn sì ń ṣí. Àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, gbogbo fọ́tò á wá pọ́n. Ooru tó ń mú ní Ìlọrin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ń mú kó yá sí i. Ti aláwọ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń fi láílọ́ọ̀nù bo ojú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń di fọ́tò mú lẹ́yìn, bí a bá sì fipá fà á, ojú àwòrán lè ya. Èyí tí kò bá ṣí wọ́ọ́rọ́, ká yà á níbi tó wà.

Ẹ̀rọ skánà ló dára jù fún iṣẹ́ náà. Iye àmì tó máa kà nínú ínṣì kan ni wọ́n ń pè ní dpi. Fún fọ́tò tó tóbi bí ìwé kékeré, 300 dpi tó. Àmọ́ fọ́tò pélébé tí kò ju ínṣì méjì lọ ní fífẹ̀ máa ní àmì 600 péré bí a bá lo 300, ojú ẹni inú rẹ̀ kò sì ní mọ́lẹ̀ bí a bá fẹ́ ẹ. Bí a bá gbé e sí 600 dpi, ó di 1,200. Ẹni tí kò ní skánà lè lo fóònù. Ká tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn kò ti ń wọlé tààrà, ká pa fíláàṣì, ká gbé fóònù tẹ́jú sókè rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà láti ọ̀dọ̀ Google tó ń jẹ́ PhotoScan: yóò ní ká gbé fóònù lọ síbi igun mẹ́rin fọ́tò náà, yóò wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí dídán iná má bàa hàn lójú àwòrán.

Ká tó dá fọ́tò padà sáyè rẹ̀, ká dojú rẹ̀ bolẹ̀, ká ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ síbẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, àdúgbò, ìlú, nígbà míì ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹlòmíràn á ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fi ṣe ìrántí fún ọ̀rẹ́ òun. Ìlà kan bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù pé bàbá àgbà gbé Jọ́ọ̀sì rí.

Bí kò bá sí ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bíbi àgbà léèrè pé ọdún wo ni kì í sábà mú ìdáhùn wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ló yẹ ká bi wọ́n. Ṣé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀? Oṣù karùn-ún 1967 nìyẹn. Ṣé ogun abẹ́lé ti parí? Oṣù kìíní 1970. Ṣé ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún? Oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n yí i. Ṣé náírà ni wọ́n ń ná àbí pọ́n-ùn àti ṣílè? Náírà dé ní oṣù kìíní 1973. Ṣé wọ́n ti ṣe FESTAC? Ìbẹ̀rẹ̀ 1977. Ìyá tó bá sọ pé, “A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni, mo sì lóyún ẹ̀gbọ́n rẹ,” ti fún wa ní nǹkan bí 1973 láìmọ̀. Ẹni tó bá ní kìkì pé ayé Ẹ́míà Sulu Gambari ni, ká bi í léèrè sí i, nítorí láti 1959 dé 1992 ló fi wà lórí oyè.

Orúkọ ni ọ̀ràn tó le jù. Ní ilẹ̀ wa, a kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà ohun tí àwọn ọmọ máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò ni Ìyá Àlàájì, Bàbá Òkè, Ìyá Olóúnjẹ. Lónìí, gbogbo ilé mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Tó bá di ogójì ọdún sí i, Àlàájì mẹ́fà ni yóò ti wà nínú agboolé kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo nínú wọn ni ìyá yìí bí. Kíkọ orúkọ àgbà sílẹ̀ kì í ṣe àrífín. Kí orúkọ wọn pa rẹ́ ló burú. Ká kọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, oríkì wọn bí Àníkẹ́ tàbí Àjàní, ilé tí wọ́n ti wá, àti ibi tí wọ́n dúró sí nínú fọ́tò, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ibi tí a kọ ọ́ sí ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Google Photos lè kó gbogbo àwòrán ojú kan náà jọ, kó sì jẹ́ ká kọ orúkọ sí i, àmọ́ orúkọ yẹn kì í bá fọ́tò lọ bí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àlàyé tí a kọ sábẹ́ fọ́tò níbẹ̀ náà, inú fáìlì ọ̀tọ̀ ló máa ń bọ́ sí nígbà tí a bá kó gbogbo ẹrù wa kúrò lórí Google. Orúkọ fáìlì gan-an ló sábà máa ń bá a rìn. Bí a bá pè é ní 1973-OmuAran-isomoloruko-Anike-laarin, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tò ó tẹ̀ lé ọdún. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń da àmì ohùn rú, nítorí náà ká yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ fáìlì. Inú àlàyé ni ká ti kọ ọ́ pé pérépéré. Bákan náà, fóònù máa ń kọ ọjọ́ òní sínú fọ́tò àtijọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, àfi ká lọ yí ọjọ́ náà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbéyàwó ìyá àgbà yóò bọ́ sáàárín àwòrán ìkómọ ọdún yìí.

Kásẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ kò ní sùúrù. Okùn inú rẹ̀ ń gbó bí wọn kò tilẹ̀ lò ó, eruku ọyẹ́ àti ooru sì ń bá a jà. Kó tó wọnú rédíò, ká fọ́ eyín kékeré méjì tó wà létí rẹ̀ lókè, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba nǹkan míì lé e lórí. Bí okùn bá dẹ̀, ká ki pẹ́ńsùlù bọ ojú ihò rẹ̀, ká yí i títí yóò fi le. Ká fi òwú àti sípíríìtì nu orí tó ń ka téèpù nínú rédíò. Lẹ́yìn náà, wáyà kan láti ojú ihò tí a ń ki ìgbọ́rọ̀ etí (earphone) bọ̀ lára rédíò lọ sínú kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ bíi Audacity á sì máa gbà á bó ṣe ń lọ. Kò sí ọ̀nà àbùjá: téèpù ọgọ́ta ìṣẹ́jú yóò gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, nǹkan bí 600 MB ni wákàtí kan, ohùn ibẹ̀ kò sì dín. MP3, irú tó ń fún ohùn pọ̀, ní ìwọ̀n 128 kbps kò ju nǹkan bí 60 MB lọ. Ká fi WAV pamọ́, ká pín MP3 fún ẹbí.

Ọ̀nà kan wà tó ń so fọ́tò, orúkọ àti ohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló sì dára jù lójú ẹni tó ń kọ èyí. Ká gbé fọ́tò lé orí àga níwájú àgbà, ká so fóònù mọ́ ohun tó máa gbé e dúró lókè rẹ̀, kó máa gba fídíò fọ́tò yẹn àti ìka tí wọ́n fi ń tọ́ka, láìgba ojú wọn. “Èyí ni ẹ̀gbọ́n mi, ọjà Ọ̀fà ló ti ra gèlè yìí, èyí tó dúró lẹ́yìn, ọdún yẹn náà ló kú.” Bí ìka bá ṣe ń lọ ni ìtàn ń jáde. Ìyá tí kò fẹ́ kí ojú òun hàn lórí ẹ̀rọ, irú wọn sì pọ̀ ní Ìlọrin, kò ní kọ èyí. Ká pa fáànù, ká ṣe é kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀, ká sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa kí ìpè má wọlé. Bí Ìgbómìnà bá ni wọ́n ń sọ nílé, kí wọ́n sọ Ìgbómìnà. Oríkì orílẹ̀ ni ká gbà gbẹ̀yìn, nígbà tí ara wọn ti yá. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín tó wà ní òkè òkun lè mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fa ohùn síbẹ̀, kò lè rí ìyẹn kà nínú ìwé.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló fi gúrúpù WhatsApp ṣe àpótí. Gúrúpù dára fún ìpè àti ìkíni, kò dára fún ìpamọ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára lọ: fáìlì 4 MB lè débẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó ìdámẹ́wàá rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á á sì ti kúrò nínú rẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti fi HD, ìyẹn fífi fọ́tò ránṣẹ́ kó mọ́ sí i, kún un, ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà ṣì ń dín in kù. Bó bá pọn dandan ká gba WhatsApp, ká fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Bó ṣe wà ni yóò ṣe dé. Ó ń gba fáìlì tó tó 2 GB báyìí, èyí tó tó fún téèpù WAV wa.

Ibi ìpamọ́ gan-an gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Òfin tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan jìnnà sílé. Fún ẹbí lásán, ìyẹn lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹnì kan ní Ìlọrin, hard disk kan lọ́wọ́ ẹnì kejì, àti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ lẹ́tà Gmail àti fáìlì Drive ń bá fọ́tò pín in. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 3 MB, nǹkan bí 5,000 ló máa gbà, bí kò bá sí nǹkan míì níbẹ̀. Títí di ìparí oṣù karùn-ún 2021, fọ́tò tí Google bá ti dín kù kì í jẹ nínú ìwọ̀n yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ká ṣí àkáǹtì kan lórúkọ ẹbí, dípò ká kó o sórí ti ọmọ kan tó lè kún nígbàkigbà.

Pínpín rẹ̀ kò le. Ká ṣe álíbọ́ọ̀mù alájọní, ká fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, kí àwọn tó wà lájò náà máa fi tiwọn kún un. Fídíò tó gùn lè lọ sórí YouTube ní Unlisted: ẹni tó bá ní lìǹkì nìkan ló máa rí i, kì í jáde bí ẹnì kan bá ń wá nǹkan. Àmọ́ ẹni tó gba lìǹkì lè fún ẹlòmíràn. Nítorí náà fídíò wòlíìmọ̀ tí àwọn obìnrin ti tú gèlè, ọ̀rọ̀ ogún, àti ìtàn ẹni tó bí ta ni, kì í ṣe ohun tó yẹ ká gbé síbẹ̀ láìbéèrè. Ká bi ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti kú, ká bi Mágàjí agboolé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó ku kọ́kọ́rọ́. Láti ìparí 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò inú rẹ̀. Bí ọmọ kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, tí nǹkan bá wá ṣe é, ilé náà tì pa nìyẹn. Nínú ètò àkáǹtì, Inactive Account Manager wà: a lè yan oṣù mẹ́ta títí dé méjìdínlógún, ká kọ orúkọ ẹni tó tó mẹ́wàá síbẹ̀, Google á sì fún wọn láyè láti kó ohun tí a bá fọwọ́ sí bí àkáǹtì bá dákẹ́ fún ìgbà tí a yàn. Ká fi orúkọ ẹni tó dàgbà kan àti ọ̀dọ́ méjì síbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó tó yàtọ̀ síra bó bá jẹ́ ilé olórogún, kí wọ́n sì pín iṣẹ́ ṣíṣí àkáǹtì náà láàárín ara wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Iléyá tàbí Kérésì tí gbogbo wọn bá ti délé.