Bí Moria ṣe ń bú póòpù tẹ́nikẹ́ni ò rí i mú

Lọ́dún 1509, fáda kan tó ń jẹ́ Erasmus, ọmọ Rotterdam nílẹ̀ Netherlands, ń gun ẹṣin bọ̀ láti Ítálì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ, ọ̀nà jìn, ọkàn ẹ̀ wá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn Thomas More. Orúkọ More yìí ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Lédè Gíríìkì, moria ni wọ́n ń pe ìwà òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ More tá à ń wí yìí, orí ẹ̀ pé bí nǹkan míì. Bó ṣe dé ilé More, kídìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹrù ìwé ẹ̀ ò sì tíì dé, ló bá mú kálàmù, nǹkan bí ọjọ́ méje ó ti kọ ìwé kan tán. Moriae Encomium ló pè é. Èèyàn lè kà á sí oríkì ìwà òmùgọ̀, èèyàn sì lè kà á sí oríkì More. Paris ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1511.

Ọgbọ́n tó fi kọ ọ́ ni ká wò. Erasmus ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Téèyàn bá yọ lẹ́tà tó kọ sí More níwájú ìwé kúrò, obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Moria fúnra ẹ̀, ó dúró níwájú èrò rẹpẹtẹ, ó ń ki ara ẹ̀. Ó ní nígbà táráyé ń jẹ oore òun tí wọn ò sì ki òun, òun á kúkú fọn fèrè ara òun. Lucian, òǹkọ̀wé èdè Gíríìkì kan, ti kọ ìyìn eṣinṣin láyé àtijọ́, Synesius tóun náà ń kọ Gíríìkì tiẹ̀ kọ ti orí pípá, àmọ́ eṣinṣin ò sọ̀rọ̀ nínú tiwọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tọ́rọ̀ bá dun ẹnì kan, ta ló fẹ́ mú, ṣebí òmùgọ̀ ló sọ ọ́. Téèyàn bá ní ìsọkúsọ ni, obìnrin yẹn ti jẹ́wọ́ pé òmùgọ̀ lòun tẹ́lẹ̀, téèyàn bá sì ní òótọ́ ni, a jẹ́ pé òmùgọ̀ ló kọ́ onítọ̀hún lọ́gbọ́n nìyẹn. Ibi yòówù kéèyàn yà sí, Moria ti jókòó dè é níbẹ̀. Àwa ń sọ pé ọba kì í pọ̀kọrin, ṣùgbọ́n ní Yúróòpù ìgbà yẹn wọ́n ń sun èèyàn níná torí ọ̀rọ̀ ìsìn o, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sọ̀yà fún akọrin kankan, ìbòjú yẹn gbọ́dọ̀ nípọn.

Kì í ṣe bíbú ló fi bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ẹ̀rín ló fi mú àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ná. Moria ní kí wọ́n sọ fóun, ẹ̀yà ara wo ló ń bímọ? Ṣé orí ni, àbí ojú, àbí etí, àwọn ibi tí ọmọlúàbí lè dárúkọ? Ó ní rárá, ibi téèyàn ò lè dárúkọ láìrẹ́rìn-ín ni. Ọ̀mọ̀wé tó ń fi irùngbọ̀n ṣe fáàrí pàápàá, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ di bàbá ọmọ, àfi kó gbé ọgbọ́n ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó wá bá òun. Obìnrin ńkọ́? Èwo nínú wọn ló rọbí lẹ́ẹ̀kan tí ì bá tún gbà láti lóyún, bí kì í bá ṣe pé Moria ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ Ìgbàgbé? Ó tún ní ayé dà bí eré orí ìtàgé, ẹni tó bá sáré gorí ìtàgé tó lọ já ìbòjú lójú àwọn òṣèré, tó ń pariwo pé eléyìí kì í ṣe ọba gidi o, òkò ni wọ́n máa fi lé e jáde, bẹ́ẹ̀ sì rèé òótọ́ ló sọ. Kò síbi tó mọ èèyàn tó báyìí nínú gbogbo ìwé náà.

Ìgbà téèyàn bá ti rẹ́rìn-ín, tó ti gbà nínú ara ẹ̀ pé òun náà ní díẹ̀ lára òmùgọ̀, ìgbà yẹn ni Moria wá kọjú sí àwọn ẹni ńlá. Ó sáré gba orí àwọn tíṣà, oníṣòwò àti lọ́yà kọjá, ó wá jókòó ti àwọn onímọ̀ ìsìn. Ó ní ìbéèrè tí wọ́n ń fi ọjọ́ ayé wọn jiyàn lé nìyí: ṣé Ọlọ́run ì bá lè gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀ wá sáyé, àbí ti Sàtánì, àbí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àbí ti elégédé? Tó bá jẹ́ elégédé, báwo ni elégédé á ṣe wàásù, báwo ló ṣe máa ṣiṣẹ́ ìyanu, báwo ni wọ́n ṣe máa kàn án mọ́ àgbélébùú? Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn mọ́ǹkì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń gbé inú ilé ìsìn (Erasmus náà ti jẹ́ ọ̀kan rí, ó mọ inú ilé). Ó gbé wọn dé iwájú Kristi lọ́jọ́ ìdájọ́, ọ̀kan ń fi ikùn tó kún fún ẹja hàn torí kì í jẹran, òmíì ń ka iye ààwẹ̀ tó gbà, òmíì ní ọgọ́ta ọdún lòun fi wà láìfọwọ́ kan owó, àfi tóun bá wọ ìbọ̀wọ́ lọ́nà méjì. Kristi dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ó ní ìfẹ́ nìkan lòun pa láṣẹ, òun ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kankan nínú wọn dárúkọ ẹ̀.

Moria ò dárúkọ ẹni tó ń bá wí. Bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ẹni tó bá figbe ta ti fi ara ẹ̀ hàn nìyẹn, Erasmus gan-an sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà iwájú ìwé. Moria bú àwọn póòpù tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n di àgbàlagbà tán tí wọ́n ń jagun kiri. Póòpù Julius Kejì ló wà lórí oyè nígbà yẹn, Erasmus sì ti fojú ara ẹ̀ rí i ní Bologna lọ́dún 1506 bó ṣe wọ̀lú bí ajagunṣẹ́gun. Ká sòótọ́, láti ibi àwọn onímọ̀ ìsìn títí dé ọ̀dọ̀ póòpù, ìbòjú yẹn ti ń yẹ̀, ohùn fáda tínú ń bí lèèyàn ń gbọ́, ẹ̀rín Moria ti gbẹ.

Àfi lójijì tí ohùn tún yí. Moria fa ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù yọ, pé aṣiwèrè la jẹ́ nítorí Kristi, pé ohun tó jẹ́ òmùgọ̀ lójú ayé ni Ọlọ́run yàn. Ẹni tó bá fi owó ẹ̀ tọrẹ, tó dárí ji ọ̀tá, tí ìyà àti ẹ̀gàn ò ká lára, ṣebí wèrè layé máa pè é? Ó ní ẹni òun náà nìyẹn. Òmùgọ̀ tí wọ́n ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ojú ewé kìíní ló wá di ìgbàgbọ́ gangan, èèyàn ò sì lè nawọ́ sí ibi tí àwàdà ti parí.

Inú bí àwọn onímọ̀ ìsìn ìlú Louvain, Maarten van Dorp tó wà lára wọn kọ̀wé sí Erasmus, Erasmus fèsì lọ́dún 1515 pé kò sẹ́ni tóun dárúkọ. Ọdún 1559 ni Póòpù Paul Kẹrin tó wá ka gbogbo ìwé Erasmus léèwọ̀, Erasmus sì ti kú ní Basel láti 1536.

Moria ò jẹ́ kí wọ́n mú òun ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun rí i lójú wọn pé wọ́n ń retí àkótán, ṣùgbọ́n wọ́n gọ̀ tí wọ́n bá rò pé òun ṣì rántí nǹkan tóun ti sọ. Ó ní òun kórìíra olùgbọ́ tó bá ń rántí ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n máa mutí lọ, ó dàbọ̀.