Géèjì ń ka orí, kò ka ẹrù: ibi tí ooru iléeṣẹ́ rọ́bà ń bá lọ

Bí wọ́n ṣe ń po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí wọ́n ń fi ooru sè é títí yóò fi gbó tí kò sì ní lẹ̀ mọ́, ìtàn àtijọ́ ni. Láti ìgbà tí Charles Goodyear ti rí i lọ́dún 1839 ni ayé ti ń ṣe é, ìgbóná tí wọ́n sì sábà máa ń lò kò ju nǹkan bí 140°C sí 180°C lọ. Ọ̀nà tí ooru náà ń tọ̀ dé ara rọ́bà, àti ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń yà sí kó tó débẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, sítíìmù, ìyẹn oru omi gbígbóná, ló ń gbé e. Bọ́ílà á se omi, páìpù á gbé sítíìmù lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀, sítíìmù á wọ inú àwo irin nínípọn méjì tí wọ́n la ihò sí nínú. Àwọn àwo yìí ló ń há mọ́ọ̀dù, ohun tó ń fún rọ́bà ní ìrísí, tí rọ́bà wà nínú rẹ̀ mọ́ àárín. Bí rọ́bà kò bá wá jinná lásìkò, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi kún prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà, ìyẹn agbára tí sítíìmù fi ń ti ohun tó yí i ká. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyí, ó sì ń jẹ owó gáàsì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Báà ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀, kJ (kilojúùlù) ni wọ́n fi ń wọn ooru. Sítíìmù tí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ jẹ́ báà 8, tí a bá ka ti afẹ́fẹ́ ayé mọ́ ọn, gbóná tó 170°C. Nínú nǹkan bí 2,770 kJ tí kílò kan rẹ̀ fi ju omi 0°C lọ, nǹkan bí 2,050 kJ ni kì í bọ́ sílẹ̀ àfi ní ìgbà tí sítíìmù bá padà di omi. Bó ṣe di omi yẹn, ìgbóná rẹ̀ kò yí padà rárá: 170°C ló wà tẹ́lẹ̀, 170°C náà ló ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹrù ooru tó rù ti kúrò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé prẹ́ṣọ̀ lọ sí báà 15, sítíìmù á gbóná dé 198°C lóòótọ́, àmọ́ ẹrù tí kílò kọ̀ọ̀kan ń sọ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,950 kJ. Gbogbo ojú páìpù tó ń jò á máa jò sí i. Rọ́bà fúnra rẹ̀ kò sì ní torí ìyẹn yára: irin ń gbé ooru kọjá ju rọ́bà lọ ní ohun tó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ara á ti jinná jù kí ooru tó dé àárín. Rọ́bà tó wá láti ara igi, bó bá pẹ́ jù nínú ooru, ṣe ló tún máa ń padà rọ̀.

Alárù ni sítíìmù. Ó ru ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó di omi, iṣẹ́ rẹ̀ parí, kó jáde ló kù. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, á jókòó sí iloro, ẹni tó ń ru ẹrù bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní ráyè wọlé. Bí omi ṣe ń kún inú àwo irin nìyẹn. Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó tẹ̀ lé alárù wọlé láìru nǹkan kan: afẹ́fẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti wà nínú páìpù kí bọ́ílà tó gbéra láàárọ̀. Sítíìmù ló ń tì wọ́n síwájú, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n sì máa ń dúró sí, níbi tó yẹ kí alárù sọ ẹrù sí gan-an. Géèjì, ẹ̀rọ tó ń ka prẹ́ṣọ̀, kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí orí ló ń kà, kì í ka ẹrù. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ìdá kan nínú mẹ́rin àyè inú àwo, géèjì á máa fi báà 8 hàn, ṣùgbọ́n báà 6 péré ni ti sítíìmù, ìgbóná rẹ̀ kò sì ju 159°C lọ. Àwọn tó ń se rọ́bà mọ̀ pé bí ìgbóná bá fi nǹkan bí 10°C wálẹ̀, àsìkò tí rọ́bà máa fi jinná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ ń lọ́ra, géèjì ń sọ pé kò sí wàhálà, wọ́n sì tún ń fi kún prẹ́ṣọ̀.

Oníbodè tó yẹ kó bójú tó gbogbo èyí ni ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní tráàpù, tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde àwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí omi àti afẹ́fẹ́ kọjá, kí sítíìmù má kọjá. Oríṣi kan wà tó jẹ́ garawa kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú omi. Bí sítíìmù bá wọ abẹ́ garawa, á gbé e léfòó, garawa á sì ti ilẹ̀kùn. Bí omi bá rọ́pò sítíìmù lábẹ́ rẹ̀, garawa á rì, ilẹ̀kùn á ṣí, prẹ́ṣọ̀ inú àwo á sì ti omi jáde. Ihò bíńtín kan wà lórí garawa náà kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Kò lo iná mànàmáná, kò lo kọ̀ǹpútà. Ó ṣòro láti rí ẹ̀rọ mìíràn tó fi ohun tó kéré tó báyìí ṣe ìpinnu tó péye tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ wà níbi tó ti ń bàjẹ́. Bí tráàpù bá há ní títì, omi á kún àwo, rọ́bà kò ní jinná, ariwo á sọ, wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bó bá há ní ṣíṣí, àwo á gbóná dáadáa, rọ́bà á jinná, kò sẹ́ni tí yóò pariwo. Alárù á kàn máa ru ẹrù wọlé níhìn-ín, wọ́n á sì máa rù ú jáde lọ́hùn-ún láìsọ̀ ọ́, bọ́ílà á sì máa jó gáàsì tọ̀sán-tòru. Fífi ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná yẹ ojú páìpù wò kò lè tú àṣírí rẹ̀ tán, torí omi àti sítíìmù lè wà ní ìgbóná kan náà. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́: tráàpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń ṣí, á tún tì, èyí tó ti há máa ń hó láìdánu dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní tráàpù tirẹ̀. Bí wọ́n bá so ẹ̀rọ púpọ̀ mọ́ ẹyọ kan láti fi dín owó kù, èyí tí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá ga á máa dí ọ̀nà àwọn yòókù.

Dídì páìpù àti etí àwo kí ooru má baà sá kò gba àlàyé, kí wọ́n ṣe é ló kù. Omi tó jáde nínú tráàpù ni wọ́n sábà máa ń fojú di. Omi 170°C tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 13% rẹ̀ á tún di sítíìmù lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lè fi èyí gbóná nǹkan mìíràn. Ìyókù á wà ní 100°C, ó ti mọ́, wọ́n ti náwó sí i. Bí omi tó ń wọ bọ́ílà bá fi nǹkan bí 6°C gbóná sí i, epo tí bọ́ílà ń jó á fi bíi 1% dín kù. Síbẹ̀ inú gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí níbòmíràn.

Láti mú kílò rọ́bà kan kúrò ní 25°C dé 160°C, nǹkan bí 270 kJ ló gbà, nítorí náà ó yẹ kí kílò sítíìmù kan lè se kílò rọ́bà bíi méje. Irin tó ń gbóná tó tún ń tutù kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ láéláé, àmọ́ ó yẹ kí iléeṣẹ́ mọ iye kílò rọ́bà tí kílò sítíìmù kan ń sè lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí mítà tó ń ka gbogbo omi tó ń wọ bọ́ílà bá ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ní láti rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fi iye tó kà láàárín ọ̀sẹ̀ kan wé ìwọ̀n rọ́bà tí wọ́n sè lọ́sẹ̀ náà.